Ilà Mẹ́rin Lára Irin Bàbá Rẹ

Ìsọ̀ Pákó,
Ọjọ́ Ajé.

Igbákejì,

Kí n tó kí ọ, jẹ́ ká kọ́kọ́ parí ọ̀rọ̀ owó. Gbogbo owó tí o ti ń fi ránṣẹ́ sí mi látìgbà tí o ti gbé lọ́ọ̀rì bàbá rẹ lọ, èyí tí o ń pè ní owó ọkọ̀, ó wà nínú àpò aṣọ tí dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá máa gbé lé ọ lọ́wọ́. Kà á níṣojú rẹ̀. Mi ò ná an rí. Mo ń tọ́jú rẹ̀ de ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì lọ́ọ̀rì náà máa bèèrè àtúnṣe, torí ọkọ̀ kì í gbó kó tún máa le sí i. Owó ewé irin mẹ́rin àti iṣẹ́ ọwọ́ mẹkáníìkì nìkan ni mo yọ níbẹ̀. Ìdí tí mo fi yọ ọ́, àti ìdí tí ìyókù fi ń padà bọ̀ wá bá ọ, ni mo jókòó kọ yìí. Ní ti owó, a ò jẹ ara wa ní nǹkan kan mọ́.

Ó wá kù kí n kí ọ. Ọmọ mi, ṣé àlàáfíà ni? Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́? Mo mọ̀ pé ẹ̀yìn kì í ní ìkíni tirẹ̀ lọ́tọ̀ nínú lẹ́tà, ṣùgbọ́n máa kà á lọ, wàá rí ìdí tí mo fi bèèrè. Mo bẹ Ọlọ́run kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí àìsàn. Àwa náà wà. Àbúrò rẹ obìnrin ní kí n kí ọ, ó ní o ti gbàgbé òun. Yàrá bàbá rẹ kò jò mọ́. Páànù kan ni káfíńtà fẹ́ fi pààrọ̀, mo ní kó lo méjì, torí òjò kì í gba ìdúnàádúrà.

Ọ̀rọ̀ pikọ́ọ̀pù ló bí gbogbo rẹ̀. O mọ pikọ́ọ̀pù àgbàlagbà tí mo fi ń kó pákó láti ibi tí wọ́n ti ń la gẹdú wá sí ìsọ̀. Egungun rẹ̀ ṣì le, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣì ń dáhùn, ṣùgbọ́n ìdí rẹ̀ ti wó. Bí a bá ti kó pákó sí i, imú rẹ̀ á wòkè bí ẹni tó ń wá òṣùpá, táyà ẹ̀yìn á sì máa ha irin. Tí ilẹ̀ bá ti ṣú, iná iwájú rẹ̀ á máa tàn wọ yàrá òkè lọ́dọ̀ onílé tó dojú kọ ìsọ̀ wa, títí tó fi sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi pé òun kì í ṣe olè, kí n yéé tanná sí òun lójú. Ẹrù tó yẹ ká kó lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì là ń kó o. Epo ẹ̀ẹ̀mejì nìyẹn.

Mo pe Wòlíì. O rántí rẹ̀, mẹkáníìkì tó máa ń sọ ọjọ́ tí ọkọ̀ máa kú fún olówó ọkọ̀, tó sì máa ń rí bẹ́ẹ̀. Ó wọ abẹ́ pikọ́ọ̀pù, ó jáde, ó nu ọwọ́. Ó ní àwọn ewé irin ẹ̀yìn, àwọn irin pẹlẹbẹ tí wọ́n tò léra tí gbogbo ẹrù dúró lé, ló ti rẹ̀; méjì ti sán, ìyókù ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ó ní a lè ra tuntun. Ó dárúkọ iye, mo ní kó má tún dárúkọ rẹ̀ níwájú mi mọ́. Ó ní bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ká ki ìṣù irin kan sáàárín, kó gbé ìdí rẹ̀ sókè. Mo bi í bóyá agbára ọkọ̀ máa fi ìyẹn pọ̀ sí i, ó ní rárá. Mo ní ẹni tó wọ bàtà gogoro kò tíì ga. Ló bá ní ká wá ewé irin lọ́ọ̀rì tó ti kú, ká gé e mọ́ra, ká fi kún àwọn ti àtijọ́ nísàlẹ̀. Ìyẹn ni mo gbà.

Ó mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Onírin, ní oríta, ìdajì ọ̀nà sí ìlú tí o wà. Irin ló tò yí àgbàlá rẹ̀ ká bí igi ìdáná. Mo gba òòlù lọ́wọ́ rẹ̀, mo ń lù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí bàbá rẹ ṣe kọ́ mi: èyí tó bá ti sán, ohùn rẹ̀ á kú síbẹ̀, èyí tó bá pé, á dún lọ títí. Onírin ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ìyá Onípákó, ṣé ilẹ̀kùn lẹ̀ ń kàn ni?" Mo ní ẹni tó bá wà nílé á dáhùn.

Èyí tí Onírin fà yọ látìsàlẹ̀ òkìtì dún débi pé Wòlíì gan-an yíjú padà. Mo yí i, mo fi àtàǹpàkò nu ìdọ̀tí ìdí rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọwọ́ mi ti kan ilà. Mẹ́ta dúró, ọ̀kan dùbúlẹ̀.

O mọ ìtàn ilà yẹn jù mí lọ, ṣùgbọ́n ó ń ṣe mí bíi kí n sọ ọ́. Ọjọ́ kan ni bàbá rẹ fi lọ́ọ̀rì sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn mẹkáníìkì kan, wọ́n lọ jẹun, kí wọ́n tó dé, àwọn yẹn ti yọ ewé irin tuntun, wọ́n ti fi èyí tó sán rọ́pò rẹ̀. Látọjọ́ náà, irin kankan kì í wọ abẹ́ ọkọ̀ bàbá rẹ láìjẹ́ pé wọ́n fi ayùn gé ilà mẹ́ta sí i nídìí. Àwọn dírẹ́bà ẹgbẹ́ wọn ní wọ́n ń kọlà fún irin bí ọmọ. Ìwọ tí o máa ń jókòó tì wọ́n nínú ọkọ̀, tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Igbákejì, o bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kí o gé ọ̀kan. Ayùn yọ̀ lọ́wọ́ rẹ, ilà tìrẹ sùn. Mo rò pé wọ́n á bá ọ wí. Wọ́n ní, "Ó ti di mẹ́rin. Bí Igbákejì ṣe gé e, bẹ́ẹ̀ la ó máa gé e." Kò sí ọkọ̀ mìíràn láyé tí irin rẹ̀ ní ilà tó sùn.

Mo bi Onírin níbi tó ti rí i. Ó ní odindi lọ́ọ̀rì ni, wọ́n fi okùn fà á wá, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dì, kí òjò èṣí tó bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé ìrìn àjò àkọ́kọ́ tí o gbé e lọ, kò dé ìlú tí ò ń lọ. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin kan ló tẹ̀lé e wá, kò tilẹ̀ ná an, iye tí òun pè ló gbà. Mo bi í ní iye náà, mo ṣírò rẹ̀ lójú ẹsẹ̀: oṣù méjì péré ló lè gbé nínú gbogbo oṣù tí o ti ń fi owó ránṣẹ́. Onírin ní, "Ohun kan ṣoṣo tó bẹ̀ mí ni pé kí n jẹ́ kí òun jókòó síbi ìwakọ̀ díẹ̀ ká tó gé e. Ó pẹ́ níbẹ̀, Ìyá. Mi ò lé e."

Mo jókòó lórí òkìtì irin, mo sunkún. Onírin rò pé iye tó pè ló ń pa mí lẹ́kún, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín in kù. Ó ti dín in lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó lè lanu. Láyé mi, mi ò tíì rí ọjà tó rọ̀ mí lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀ rà, mi ò sì tíì ra èyí tó dùn mí tó o. Mo bá a wá àwọn yòókù nínú òkìtì, gbogbo rẹ̀ di mẹ́rin tó pé, tó ní ilà mẹ́rin-mẹ́rin. Mo kó gbogbo rẹ̀.

Bí mo ṣe délé, mo pe dírẹ́bà tó ń bá mi gbé pákó lọ sí ìlú yín, ẹni tí o ń fi owó rán, òun náà ló mú lẹ́tà yìí wá. Mo gbé irin náà síwájú rẹ̀. Ó wò ó, ó dọ̀bálẹ̀. Ó ní o ti mú kí òun búra pé òun ò ní sọ. Ó ní ilé ìkẹ́rùsí lo wà, àpò ọkà lo ń rù láti ẹnu ọkọ̀ dé inú, àti pé láìpẹ́ yìí o máa ń di aṣọ mọ́ ìbàdí kí o tó lè nà dúró. Mo bi í pé kí ló dé tí o kò sọ fún mi. Ó ní, "Ìyá, ó ní tí ẹ bá gbọ́ pé ọkọ̀ bàbá òun ti kú, ẹ ó sìnkú bàbá lẹ́ẹ̀kejì."

Igbákejì, mo ti sin ín. Mo sin ín tán lójú ọ̀nà láti oríta wálé. Èyí tí mi ò lè sin ni lẹ́tà tí mo kọ sí ọ ní oṣù karùn-ún, pé owó ọkọ̀ kéré, pé bàbá rẹ kì í mú iye yẹn wálé. Ní oṣù kẹfà o fi kún un. Èmi tí mo lè dúró lókèèrè kí n ka pákó tó wà lórí ọkọ̀ láìfọwọ́ kàn án, mi ò lè ka iye àpò tí o rù kí o tó lè fi kún un.

Ní àkókò àìsàn wọn, bàbá rẹ di ọwọ́ rẹ mú, wọ́n ní, "Ọkọ̀ yìí ló bọ́ wa, má jẹ́ kó dúró." Mo wà níbẹ̀, mo gbọ́. Wọn ò ní kí ìwọ di ọkọ̀.

Wòlíì ti so irin náà. Ó gbé ìdí pikọ́ọ̀pù sókè, ó tú nọ́ọ̀tì, ó yọ àwọn tó sán dànù. Nígbà tó fẹ́ gé irin bàbá rẹ kúrú, mo ní kó má fọwọ́ kan ìdí tó ní ilà, ìdí kejì ni kó gé. Ó ní tí òun bá ṣe bẹ́ẹ̀, ihò àárín tí wọ́n fi ń de àwọn irin pọ̀ kò ní sí láàárín mọ́, òun á ní láti lu òmíràn, irin yìí kì í sì í ṣeé lu bọ̀rọ̀. Mo ní kó lu ú. Mo san owó ihò mẹ́rin tí kò yẹ kí n san. Ó wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá.

Pikọ́ọ̀pù ti dúró gbọn-in báyìí. Tó bá ṣófo, ó ń ta pọ́ún-pọ́ún lójú ọ̀nà bí ewúrẹ́ tó já okùn. Wòlíì ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, irin tó le kì í farabalẹ̀ àfi tó bá rí ẹrù. Ó sì kìlọ̀ fún mi: "Ẹ̀yìn lẹ tún ṣe o, ẹ ò tún búréèkì ṣe. Ẹ má fi ojú ẹ̀yìn wọn ẹrù." Mo ti gbọ́, mi ò ní kó kọjá ohun tó lè dá dúró. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ kó pákó sí i, bó ṣe ré gọ́tà iwájú ilé wa kọjá, irin náà dún. Àbúrò rẹ sáré jáde láti inú ilé, ó ń pe bàbá rẹ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó rí i pé èmi ni. Mo bọ́ sílẹ̀, a jọ wọlé lọ jẹun.

Ọmọ mi, máa bọ̀ nílé. Àánú kọ́ ni mo fẹ́ ṣe ọ́. Mo ti sọ fún ẹni tó ń bá mi wa pikọ́ọ̀pù, kì í ṣe dírẹ́bà yìí, pé ìparí oṣù yìí ni iṣẹ́ wa máa parí. Ìwọ ni wàá máa wà á. Ìdá mẹ́ta la ó pín èrè rẹ̀ sí: ọ̀kan fún ọkọ̀, ọ̀kan fún ìwọ, ọ̀kan fún èmi, bí mo ṣe máa ṣe é fún ẹnikẹ́ni. Tí ojú bá ń tì ọ́, gba ẹ̀yìn ìsọ̀ wọlé. Mi ò ní bi ọ́ léèrè lọ́ọ̀rì. Mo ti mọ ibi tó wà. Abẹ́ ẹrù mi ló wà.

Bí o ṣe bo omijé mi láti ọjọ́ yìí wá, Ọlọ́run á bo àṣírí rẹ. Ẹrù tí o rù kò ní tẹ̀ ọ́ mọ́lẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ á nà, ọwọ́ rẹ á rókè, ìwọ náà á bí ọmọ tó máa jókòó tì ọ́ nínú ọkọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ, tó gbé ọ pọ̀n kí o tó gbé àpò.

Mo gbàgbé: ilà mẹ́rin yẹn ti ń fẹ́ parẹ́ lára ọ̀kan nínú àwọn irin náà, ó fẹ́ ẹni tó máa fi ayùn tún un gé. Èyí tó sùn, èmi ò lè gé e. Dírẹ́bà ti ní àṣẹ mi láti gbé ọ padà tàbí láti gba èsì lọ́wọ́ rẹ. Má fi owó sínú èsì náà. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mò ń retí rẹ̀.