Aṣọ Tí Wọ́n Ní Àwọn Rí He

                                        Yàrá kẹrin, òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì,
                                        Ẹ̀yìn ilé ìtẹ̀wé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹfà.

Ọ̀rẹ́ mi Oníná,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ìkókó ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ rí oorun sùn? Ẹ̀yìn tó ń dùn ọ́ látìgbà tí o ti ń gbé àwọn iná ńláńlá gun àkàbà, ṣé ó ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀? Ara tèmi le, ṣùgbọ́n inú mi ò dùn rárá. Mo mọ̀ pé o máa bi mí pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Bí mo bá pè ọ́, ariwo ni màá máa pa, etí rẹ ò sì ṣẹ̀ mí. Ìlú tí gbọ̀ngàn tí wọ́n pàtẹ iṣẹ́ wa sí wà lo ń gbé, ìwọ nìkan lo lè bá mi ṣe ohun tí mo fẹ́ sọ yìí.

O ti kúrò ní yàrá iṣẹ́ wa nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ aṣọ ńlá náà, èyí tó jẹ́ pé béèyàn bá fọwọ́ kàn án, á dáhùn. Àwa mẹ́fà la jọ dáwọ́ lé e, orílẹ̀-èdè mẹ́fà la sì ti wá. Ojú kọ̀ǹpútà la ti ń rí ara wa ní gbogbo Sátidé. Bílẹ̀ ṣe ń mọ́ bá ẹnì kan ni oòrùn ń wọ̀ lọ́dọ̀ ẹlòmíì. Kálukú gba ohùn àwọn ará ilé rẹ̀ sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń kí àlejò. Èmi kọ àṣẹ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n aṣọ gan-an, Àǹtí Aránṣọ, àbúrò màmá mi, ló rán an. Oṣù mẹ́rin gbáko ni wọ́n fi jókòó ti òwú onírin tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ gbé e gba inú aṣọ kọjá. Òwú yẹn gé wọn níka lẹ́ẹ̀mẹta.

Èmi ti ya bí òwú ṣe máa gbà sórí bébà, ó tò tààrà bí ojú irin. Àǹtí wò ó, wọ́n ní ẹni tó ya èyí ò tíì wọ aṣọ rí láyé rẹ̀. Wọ́n ní aṣọ máa ń fà, ó máa ń súnkì, pé bí òwú bá tò tààrà, ọjọ́ kẹta ló máa já. Wọ́n bá fi òwú sílẹ̀ gbọọrọ lẹ́yìn aṣọ, níbi tí gbogbo rẹ̀ ti pàdé kó tó wọ inú àpótí tó ń gbé ohùn jáde, wọ́n ta á ní kókó kókó kó lè ríbi nà sí. Bí o bá wo ẹ̀yìn yẹn, o lè pè é níṣẹ́ ọ̀lẹ. Ibẹ̀ gan-an sì ni ọgbọ́n wà.

A fi aṣọ náà ránṣẹ́ sí ìpàtẹ ọlọ́dọọdún tó ń kó àwa tí à ń fi ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ ọnà jọ láti gbogbo ayé. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi fọ́tò ránṣẹ́. Àǹtí ti wẹ̀, wọ́n ti kun pọ́dà, nítorí fọ́tò lásán. Mo wá ń ka káàdì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ fún Àǹtí. Orúkọ mi wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tó kàn bá wa yan àwọ̀ pàápàá wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀, wọ́n kọ ọ́ pé: "Ohun èlò: kọ̀ǹpútà, òwú onírin, aṣọ tí a rí he."

Ọ̀rẹ́ mi, ojú tì mí, inú bí mi, mi ò mọ èyí tó ṣáájú. Àǹtí ní kí n tún un kà. Mo tún un kà. Wọ́n wá bi mí pé, "Níbo ni wọ́n ti rí i he? Ṣé orí ààtàn ni?"

Lójú ẹsẹ̀ ni mo kọ̀wé sí ọ̀gá gbọ̀ngàn. Èsì tó fún mi ló wá gbé inú fùfù mi dìde. Ó ní bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ nìyẹn, pé ohunkóhun tí kò bá ti ọwọ́ oníṣẹ́ ọnà wá, rírí he ló ń jẹ́, àti pé olùrànlọ́wọ́ ni aránṣọ. Ta ló ran ta lọ́wọ́? Ṣé ìka tiẹ̀ ló gé ni? A ń pariwo ní gbogbo Sátidé pé kò sí ọ̀gá kò sí ẹrú láàárín wa, pé iṣẹ́ wa ti gbogbo èèyàn ni. Nígbà tó wá di ọ̀rọ̀ orúkọ, ẹni tó se oúnjẹ ò sí níbẹ̀, ẹni tó gbé àwo wọlé la kí kú iṣẹ́. Àgàbàgebè ni wá, mi ò ní fi bò.

Mo fi ara mi kún un, torí èmi náà lọ́wọ́ sí i. Èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù. Ibi tí wọ́n ti béèrè oníṣẹ́ ọnà, àwa mẹ́fà ni mo kọ. Ibi tí wọ́n ti béèrè ohun èlò, mo kọ "aṣọ", mo sì bá tèmi lọ. Àwọn ló fi "rí he" kún un, ṣùgbọ́n bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ní wọ̀ ọ́. Mo ti bẹ Àǹtí. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́. Wọn ò sọ pé àwọn ti gbà.

Gbọ́ èyí tó wá dùn jù. Lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, aṣọ ya odi. Ọ̀gá gbọ̀ngàn pè wá ní fídíò, òógùn bò ó, àwọn èèyàn ń fọwọ́ kan aṣọ, aṣọ ò fọhùn. Mo ní kó yí ẹ̀yìn rẹ̀ sí wa. Ẹ̀yìn mọ́ tónítóní. Òṣìṣẹ́ wọn kan ti rí kókó Àǹtí, ó rò pé ìdọ̀tí ni, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e dànù kí aṣọ lè dáa nínú fọ́tò. Ọ̀gá wá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí màmá jọ̀ọ́, kí wọ́n sọ bí àwọn ṣe máa tún un ṣe. Àǹtí ò tiẹ̀ gbójú sókè nídìí máṣíìnì. Wọ́n ní, "Sọ fún un pé ohun téèyàn bá rí he, ẹni tó sọ ọ́ nù là ń wá. Kó lọ wá a." Mo túmọ̀ ẹ̀ fún un bó ṣe rí, mi ò fi ṣúgà sí i.

Látìgbà náà, ó ti ṣèlérí pé òun á kọ orúkọ Àǹtí sí káàdì. Àǹtí ní àwọn ò fẹ́, pé káàdì ara ògiri, wọ́n lè yọ ọ́ nígbà tó bá wù wọ́n. Wọ́n jókòó ti abẹ́rẹ́ fọ́jọ́ mẹ́ta. Ohun tí wọ́n rán ló wà nínú àpòòwé yìí. Orúkọ wọn ni, ní kíkún, òwú onírin kan náà ni wọ́n fi kọ ọ́ sára ọ̀já aṣọ. Jọ̀ọ́, lọ síbẹ̀, rán an mọ́ iwájú aṣọ ńlá náà, kì í ṣe ẹ̀yìn. So orí kan òwú ọ̀já náà mọ́ òwú tí wọ́n gé lẹ́yìn, so orí kejì mọ́ àpótí, ta á ní kókó méjì méjì, má fà á le. Mo ti fi àjákù aṣọ dán an wò níbí, ó ṣiṣẹ́. Gbogbo ohùn orílẹ̀-èdè mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, inú orúkọ Àǹtí ni wọ́n máa gbà kọjá kí wọ́n tó jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá tún mú sísọ́ọ̀sì débẹ̀, aṣọ á ya odi padà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi fẹnu ko ìkókó lẹ́nu. Àǹtí ní kí n kí ọ. Wọ́n ní bí o bá rán an tán, kí o má fi fọ́tò ránṣẹ́ o. Kí o pè wá, kí o fọwọ́ kàn án, àwọn fẹ́ gbọ́ bó ṣe ń dáhùn.

Bí ọ̀gá gbọ̀ngàn bá sì bi ọ́ pé níbo lo ti rí ọ̀já aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ, sọ fún un pé ó ní ẹni tó ni ín. O ò rí i he.

                                        Èmi náà ni, ọ̀rẹ́ rẹ tí kò yí padà,
                                        Abínúfùfù.