Owó Bodè Lórí Etí Ìyá Rẹ

Abúlé Ògúnkànmí,
Lẹ́yìn Mowe, ọ̀nà Owódé.

Ìbíwùnmí ọmọ mi,

Ṣé ara le? Ṣé iṣẹ́ ń lọ déédéé, ṣé oòrùn Àbújá kò mú jù, ṣé ọkọ rẹ àti Olúwatófúnmi kékeré wà ní àlàáfíà? Ọlọ́run yóò máa ṣọ́ ìjáde àti ìwọlé yín, ẹ ò ní rí ogun òjijì, ohun tí ẹ bá dáwọ́ lé kò ní dàrú mọ́ yín lọ́wọ́. Ó dáa, mo ti kí ọ tán. N ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé inú bí mi débi pé mo fo ìkíni. Àmọ́ inú ń bí mi, Ìbíwùnmí, inú ń bí mi gidigidi, láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn ni inú ti ń bí mi tí oúnjẹ kò fi dùn lẹ́nu mi mọ́.

O ó ti máa rò ó pé kí ló dé tí bàbá rẹ fi ń kọ lẹ́tà lóde òní dípò kó pè ọ́. Fóònù kò sí lọ́wọ́ mi mọ́, ìyá rẹ ló gbà á. Bó ṣe gbà á, wàá rí i tí o bá fi sùúrù kà á dé ìsàlẹ̀. Awakọ̀ kan tó ń kó obì lọ sí Àbújá ni mo fi lẹ́tà yìí rán, mo sì ti kìlọ̀ fún un dáadáa pé kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ kó tó fà á lé ọ lọ́wọ́.

Nílé ńbí, ewúrẹ́ Lásúnkànmí àbúrò mi bí mẹ́ta, ọ̀kan kú. Ọ̀nà wa ṣì wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, kòtò tó wà níwájú ilé-ẹ̀kọ́ ti bí ọmọ. Àwọn ará Èkó ń ra ilẹ̀ lọ́dọ̀ wa bí ẹni ń ra búrẹ́dì, ìdílé wa náà sì ń rí nǹkan díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀ bí o ṣe mọ̀: owó ìpìlẹ̀ tí wọ́n bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ilé, owó òrùlé tí wọ́n bá fẹ́ kan páànù, àti owó àbáwọlé lórí ohunkóhun tó bá ní ẹ́ńjìnnì tó gba ẹnu ọ̀nà wa wọlé. A kì í fi ipá mú ẹnikẹ́ni. A kàn ń ní kí wọ́n dá iṣẹ́ dúró títí tí wọ́n á fi san án ni. Lásúnkànmí sì ń já rìsíìtì fún wọn, rìsíìtì tó dáa, tó ní òǹtẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ etí tí o rà fún ìyá rẹ láti òkè òkun ló gbé mi dé ibi tí mo wà yìí. O mọ̀ pé ọdún mẹ́fà ni kò ti gbọ́ràn, o sì mọ̀ bí tírélà ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá a lójú títì márosẹ̀ ní Mowe lọ́dún tó kọjá, tó ń fọn fèrè, tí gbogbo èèyàn ń pariwo, tí ìyá rẹ ń rọra rìn lọ pẹ̀lú ike ata rẹ̀ lórí. Ìyẹn ni o fi ní o máa wá nǹkan ṣe sí i. O pè mí, o ní o ti san ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀ta náírà, o ní gbogbo rẹ̀ ti parí, ká ṣáà na ọwọ́ ká gbà á. Mo rántí ọ̀rọ̀ rẹ dáadáa, Ìbíwùnmí. O ní gbogbo rẹ̀ ti parí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Màmúdù gun ọ̀kadà dé, ó gbé àpótí sẹ́yìn. Ó san ẹgbẹ̀rún méjì owó àbáwọlé fún Lásúnkànmí lẹ́nu ọ̀nà, kò jiyàn, ó gba rìsíìtì rẹ̀. Inú mi dùn, mo ní kí wọ́n bu omi fún un. Kò gbé ẹrù kankan sílẹ̀, ìwé ló yọ! Ó ní ẹ̀rọ náà wà ní ọ́fíìsì àwọn ní Ibafo, pé a máa kọ́kọ́ san ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún náírà. Mo bi í pé lórí kí ni. Ó ní owó bodè ni, pẹ̀lú owó orí, pẹ̀lú owó wàhálà ilé-iṣẹ́ àwọn. Mo bi í bóyá ìjọba ló ṣe ẹ̀rọ náà. Ó ní rárá. Mo bi í bóyá wọ́n bá wa gbé e láti òkè òkun. Ó ní rárá. Mo ní kí wá ni wọ́n ṣe. Ó ní ẹnubodè wọn ló gbà kọjá.

Ẹrù tí ẹlẹ́rù ti rà, tó ti san owó rẹ̀, ẹnì kan kàn jókòó sẹ́nu ọ̀nà, kò gbin, kò ro, kó wá na ọwọ́ pé ó gba iwájú òun kọjá! Mo sọ fún Màmúdù pé olè ni ìyẹn, olè ojúmọmọ, àti pé níbi tí wọ́n bí mi sí, a kì í hu irú ìwà bẹ́ẹ̀. Ó wò mí, ó wo ẹnu ọ̀nà wa lọ́ọ̀ọ́kán, ó wo rìsíìtì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kàn ní ọjọ́ mẹ́wàá la ní, pé tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ wọ́n á dá a padà sí òkè òkun, àti pé ẹgbẹ̀rún méjì la ó máa san lójúmọ́ fún ibi tí wọ́n gbé e sí. Nǹkan tí kò tó ẹ̀pà! Kí ló ń gbà láyè?

Nígbà tí mo ronú sí i, mo lóye rẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ etí òkun ni wọ́n. Ìdílé kan ló ni ẹnubodè yẹn. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro fún mi, mo mọ bí wọ́n ṣe ń bẹ irú èèyàn bẹ́ẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bẹ̀ mí. Èmi àti Lásúnkànmí wọ agbádá, a ra ṣínáàpù ìgò kan àti obì mẹ́rin, a lọ sí Ibafo.

Ibẹ̀ tutù bí ìdí àmù. Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fúnmi ló jókòó sẹ́yìn káńtà, ó kúnlẹ̀ kí wa, ó fún wa ní bébà tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí, ó ní ká lọ jókòó. Mo ní kó bá wa pe olórí ẹbí. Ó ní ẹbí wo. Mo ní ẹbí tó ni ẹnubodè. Ó ní kò sí ẹbí kankan, kọ̀ǹpútà ló ń ṣírò iye tí oníkálukú máa san. Mo bi í pé ọmọ ẹbí ta ni kọ̀ǹpútà. Mo gbé ṣínáàpù lé káńtà, ó ní wọn kì í mutí níbẹ̀. Mo wá fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé kí wọ́n gba ìdajì, torí kò sẹ́ni tó ń san iye tí wọ́n bá kọ́kọ́ dá, èmi alára tí mo bá ní àádọ́jọ, mo ti mọ̀ nínú mi pé ọgọ́rùn-ún ni mo máa gbà. Ó ní kọ̀ǹpútà kò mọ ẹ̀bẹ̀. Ìbíwùnmí, láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, n ò tíì rí olórí ẹbí tó burú tó yẹn.

Mo ní kó ka ìwé náà sí wa létí, kí n mọ ohun tí mò ń san. Ó kà á: tìjọba, tilé-iṣẹ́, ti ibi tí wọ́n gbé e sí. Ó wá ku ẹgbẹ̀rún méjì kan nísàlẹ̀, mo ní kí ni ìyẹn. Ó ní àwọn abúlé kan wà lẹ́yìn Mowe tí àwọn kan máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kì í jẹ́ kí ọlọ́kadà àwọn wọlé àfi tó bá san owó, nítorí náà ilé-iṣẹ́ ń gbé e lé ẹni tó ni ẹrù lórí. Inú mi ru sókè! Mo dìde láàárín gbogbo èèyàn, mo ní kí ìjọba lọ kó àwọn aláìníṣẹ́ bẹ́ẹ̀, pé àwọn gan-an ló ń ba ìpínlẹ̀ Ògùn jẹ́, mo ní kó dárúkọ abúlé náà fún mi kí n bá baálé wọn sọ̀rọ̀. Ó yí ìwé náà sọ́dọ̀ mi. Ikọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í hú Lásúnkànmí. Orúkọ ìdílé wa ni mo rí níbẹ̀. Mo gbé ṣínáàpù mi, a jáde, ikọ́ náà kò sì dáwọ́ dúró títí a fi délé. Mo ní kó dá ẹgbẹ̀rún méjì ọlọ́kadà padà, ó ní òun ti já rìsíìtì.

Ọjọ́ ń lọ, owó ń gorí owó. Ọjọ́ kẹjọ ni mo tó rí owó, ọwọ́ Fọláwẹ̀mí ni mo sì ti rí i. Nọ́ọ̀sì ni Fọláwẹ̀mí, opó ni, ó ní ọmọ méjì, òun ló ra ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé wa tó ń kọ́ yàrá méjì síbẹ̀. Ó fẹ́ kan òrùlé kí òjò tó dé. Mo ní àádọ́jọ ẹgbẹ̀rún ni owó òrùlé. Ó bẹ̀ mí títí, ó mú ọgọ́rùn-ún wá, mo ní kó máa pe káfíńtà, kó wá àádọ́ta tó kù kí wọ́n tó parí. Owó yẹn ni obìnrin oní-POS bá mi fi ránṣẹ́ sí Ibafo, mo fi díẹ̀ lé e láti àpò ara mi. Lọ́jọ́ kejì, Màmúdù gbé ẹ̀rọ dé. Ó gbé ọ̀kadà rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ẹnu ọ̀nà wa, ó fi ẹsẹ̀ rìn wọlé.

Fọláwẹ̀mí yìí náà ló wá bá wa fi í sí ìyá rẹ létí. Kò gba nǹkan kan. Ó so ó mọ́ fóònù, bó ṣe so ó, n ò mọ̀, n ò rí okùn kankan. Ìyá rẹ jókòó, ó sì gbọ́ adìyẹ. Ìbíwùnmí, adìyẹ lásán, ó bú sẹ́rìn-ín, ó bú sẹ́kún. Ó gbọ́ ọmọrí ìkòkò. Ó gbọ́ èémí ara rẹ̀. Mo fẹ́ la ẹnu kí n pè é lórúkọ tí mo máa ń pè é kí a tó bí ọ, ni òòlù àwọn káfíńtà bá bẹ̀rẹ̀ sí í dún lẹ́yìn ilé, mo sì rántí pé àádọ́ta kò tíì dé. Mo jáde, mo pariwo bí mo ṣe máa ń ṣe, mo ní kí gbogbo wọn sọ̀ kalẹ̀, pé ẹni tó bá tún kan páànù kan kí owó mi tó pé, òun àti páànù náà jọ máa délẹ̀ ni. N ò mọ̀ pé ohùn mi le tó bẹ́ẹ̀.

Ìgbà tí mo yíjú padà, ìyá rẹ ló dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó di ọwọ́ Fọláwẹ̀mí mú. Ohun tó kọ́kọ́ gbọ́ lẹ́nu mi láti ọdún mẹ́fà nìyẹn. Ó bi mí pé owó kí ni. Mo sọ fún un. Ó ní ṣé torí irú owó yìí ni gbogbo àwọn tó ń mú àpòòwé wá ṣe ń wá, àwọn tí òun ń dáná fún, tí òun ń kúnlẹ̀ ṣàdúrà fún torí òun rò pé wọ́n fẹ́ràn mi ni wọ́n ṣe ń wá kí mi. Ó ní mélòó ni wọ́n. Mo ka mẹ́rìnlá, ohùn mi ń lọ sílẹ̀. Ó ní kí n má rẹ ohùn sílẹ̀, pé etí òun ti là. Inú bí mi, mo ní èmi gan-an ni wọ́n rẹ́ jẹ ní Ibafo! Ó ní ta ló rẹ́ mi jẹ. Mo ní àwọn tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, tí wọn kò ṣe nǹkan kan, tí wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tó ń...

Ó yọ ẹ̀rọ náà kúrò létí, ó fi í sínú ilé rẹ̀ kékeré, ó pa á dé. Láti ọjọ́ náà nìyẹn. Ó ń gbọ́ adìyẹ, ó ń gbọ́ ìyàwó Lásúnkànmí, ó ń gbọ́ òjò. Tí èmi bá ti la ẹnu báyìí, yóò yọ ọ́. Fóònù ti di tirẹ̀, ohùn rẹ ń ti inú fóònù bọ́ sínú etí rẹ̀ tààrà, mo ń rí i tó ń dá rẹ́rìn-ín ní pálọ̀, n ò sì gbọ́ ohun tí o sọ. Ó ní ọjọ́ tí mo bá dá ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún Fọláwẹ̀mí padà ni òun máa gbọ́ mi. Mo ti ní kí àwọn káfíńtà gòkè padà, ìyá rẹ ní ìyẹn kò tíì tó. Ṣé o rí nǹkan? Ẹ̀rọ tí mo san owó bodè lé lórí ló fi oníbodè sí, ọ̀rọ̀ tèmi kò sì lè kọjá láìsan owó.

Nítorí náà, fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ránṣẹ́ kíákíá, pẹ̀lú ẹgbẹ̀rún méjì Màmúdù. Má ránṣẹ́ sí fóònù, ìyá rẹ yóò rí i, mo fẹ́ kó rò pé èmi ni mo wá a. Fi rán awakọ̀ olóbì yìí. Ìgbà mìíràn tí o bá tún fẹ́ ra nǹkan lókè òkun, kọ́kọ́ béèrè ẹni tó jókòó sẹ́nubodè kí o tó sọ fún mi pé gbogbo rẹ̀ ti parí.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọ̀nà dí mọ́ ọ, ẹnu ọ̀nà tí o bá dé, ṣíṣí ni wàá bá a. Àwọn tí o fẹ́ràn kò ní di etí sí ọ.

Tí o bá tún pè, jọ̀wọ́, bá mi kí ìyá rẹ. Ohùn tìrẹ ń wọlé láìsan nǹkan kan.

Èmi ni bàbá rẹ,
Ọládélé Ògúnkànmí.