Èyí Tó Wà Lábẹ́ Fáànù

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Fáírọ́ọ̀sì ti jẹ gbogbo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì tán. Fláàṣì ẹnì kan ló gbé e wọlé, nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wa pín in kárí. Mo tú kíbọ́ọ̀dù Bàbá Ìṣirò, akáǹtáǹtì wa, kí n lè nù ún. Èékánná ni mo bá níbẹ̀. Ti ẹsẹ̀. Mi ò lè jẹun ọ̀sán mọ́.

Ọ̀gá ní ká yan ètò tuntun kan tí yóò máa darí gbogbo kọ̀ǹpútà. Méjì ló wà nílẹ̀. Èmi mú Ọ̀fẹ́ wá: ẹnikẹ́ni ló lè gbà á, fáírọ́ọ̀sì kì í sì fi bẹ́ẹ̀ rọ́wọ́ mú níbẹ̀. Àbúrò ìyàwó ọ̀gá — Àna ni mo ń pè é — mú Ayédèrú wá, àdàkọ tó jí láti ibi tí kò fẹ́ kí n béèrè. Bí tirẹ̀ bá wọlé, òun ni yóò máa tọ́jú kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi ń dán mi wò ti ń parí lọ. Bí wọn ò bá gbà mí síṣẹ́, ilé ló kù. Màmá mi sì ti sọ fún gbogbo àdúgbò pé mo ti di ọ̀gá kọ̀ǹpútà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4 Oṣù Kẹta

Wọ́n gbé ìgbìmọ̀ dìde. Alága béèrè lọ́wọ́ mi ibi tí wọ́n ti ń tan kọ̀ǹpútà.

Ìpinnu: Ọ̀fẹ́ lórí kọ̀ǹpútà kan, Ayédèrú lórí èkejì, kí gbogbo òṣìṣẹ́ lo méjèèjì, kí wọ́n dìbò. Àna yára gbé tirẹ̀ sábẹ́ fáànù kan ṣoṣo tó ń yí ní yàrá wa. Tèmi bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mi ò jà. Mo rò pé ètò la fẹ́ dán wò.

Ọjọ́bọ̀, 6 Oṣù Kẹta

Àǹtí Lẹ́tà, tó ń bá ọ̀gá tẹ̀wé, jókòó sídìí Ọ̀fẹ́ díẹ̀, ó dìde. Ó ní, "Àbúrò mi, má bínú o, nǹkan rẹ yìí ń mú mi làágùn." Mo ní ètò kì í múni làágùn, mà. Ó ní kí ló wá ń mú òun làágùn? Kí n tó fèsì, ó ti wà lábẹ́ fáànù.

Bàbá Ìṣirò ní Ọ̀fẹ́ ń rùn. Bàbá èékánná!

Ọjọ́ Ẹtì, 7 Oṣù Kẹta

Mẹ́sàn-án fún Ayédèrú. Méjì fún Ọ̀fẹ́: èmi, àti dírẹ́bà tí ibà ń ṣe, tí kò fẹ́ atẹ́gùn. Ayédèrú ti kó fáírọ́ọ̀sì tuntun o; kò sẹ́ni tó kà á sí.

Ọ̀gá tó lọ sírìnàjò pè, ó ní ká fi ọ̀sẹ̀ kan kún un, kí òun náà lè fojú ara òun rí i.

Ní pólì, wọ́n kọ́ wa ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Wọn ò kọ́ wa ní fáànù.

Ọjọ́ Ajé, 10 Oṣù Kẹta

Mo tètè dé. Mo pààrọ̀ àyè kọ̀ǹpútà méjèèjì. Mi ò fọwọ́ kan ohunkóhun nínú wọn.

Ọjọ́rú, 12 Oṣù Kẹta

Àǹtí Lẹ́tà ní, "Àbúrò, o ti tún un ṣe! Ó ti wá dùn ún lò." Mo ní mo ṣiṣẹ́ lé e lórí, mà. Ọ̀rọ̀ ara mi ń rí mi lára.

Ọjọ́ Ẹtì, 14 Oṣù Kẹta

Ọ̀gá jókòó sídìí Ọ̀fẹ́, ó tú bọ́tìnnì ọrùn, ó dijú. Ó ní, "Ìyàtọ̀ hàn gbangba." Gbogbo wọn dìbò tẹ̀lé e. Ara dírẹ́bà náà ti yá. Àna nìkan ló ń pariwo pé ẹnì kan ti ba tòun jẹ́.

Wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Màmá mi sunkún lórí fóònù. Ó ní òun mọ̀ pé orí mi pé.

Ọjọ́ Ajé, 17 Oṣù Kẹta

Ọ̀fẹ́ ti wà lórí gbogbo kọ̀ǹpútà. Ọ̀gá ní iṣẹ́ ìgbìmọ̀ ti parí, kí wọ́n tú fáànù lọ sí yàrá òun.

Kó tó di ọ̀sán, Àǹtí Lẹ́tà ti ń fi fáìlì fẹ́ ara: "Àbúrò, nǹkan rẹ ti tún bẹ̀rẹ̀ o." Bàbá Ìṣirò ní òórùn yẹn ti padà. Wọ́n tò lọ bá ọ̀gá, Àna ló ṣáájú, fláàṣì lọ́wọ́.

Ọ̀gá gbọ́ tiwọn tán nínú atẹ́gùn. Ó ní kò sóhun tó ṣe Ọ̀fẹ́ ní yàrá tòun, kí wọ́n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó wá yíjú sí mi: kí n nu fáànù yìí kí n tó máa lọ sílé, ó ti ń lọ́ra.

Mo gun àga. Ìdọ̀tí ara rẹ̀ nípọn, ó ń lẹ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ohun tí wọ́n bì. Mo nù ún jẹ́jẹ́, bí ẹni ń wẹ ọmọ ìkókó. Mo tún fi epo sí i.