Àbúrò Rẹ Ti Kọ Oògùn

Ọmọ mi àgbà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà, ìwọ àti ìyàwó? Olúwa yóò máa ṣọ́ àlọ àti àbọ̀ yín. Wọ́n kọ́ wa nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù pé bí òwò bá dẹnu kọlẹ̀, kí á kọ́kọ́ sọ ohun tó bàjẹ́ àti ẹni tó mọ̀ sí i, nítorí náà gbọ́: àbúrò rẹ obìnrin ti kọ oògùn. Èmi mọ̀, nọ́ọ̀sì mọ̀, ìwọ náà mọ̀ láti oṣù tó kọjá, o ní kí n fún un láyè. Àyè wo?

Nọ́ọ̀sì ló yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, tó ní kòkòrò éèdì tí mo bí i mọ́ kò hàn níbẹ̀ mọ́. Mo rò pé ara ọ̀dọ́ ló ti borí rẹ̀. Lọ́jà wa, bí wọ́n bá fura sí ọjà ẹni, tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò tó mọ́, gbangba la ti ń kéde rẹ̀ kí oníbàárà lè padà. Ni mo bá gbé ẹlẹ́rìndòdò lọ fún ọ̀gá tó ń kọ́ àbúrò rẹ níṣẹ́ aṣọ rírán, mo ní kó bá wa dúpẹ́. Àṣé obìnrin yẹn ò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀! Ìgbà tó bàjẹ́ tán ni nọ́ọ̀sì wá ń sọ pé kò tíì lọ, oògùn ló kàn tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Kí ló dé tí kò sọ ọ́ tán lẹ́ẹ̀kan?

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, wọ́n ti gbé máṣíìnì rẹ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun nìkan. Wọn kì í yá abẹ́rẹ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ kápẹ́ńtà tó ń wá kí wa nítorí rẹ̀ ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá. Àbúrò rẹ wá kọjú sógiri. Mo ní kó dákun gbé oògùn rẹ̀ mì, kó lè pẹ́ láyé. Ó ní kí òun pẹ́, kí òun máa ṣe kí ni? Èmi tí mo kó o ràn án ń gbé tèmi mì lójú rẹ̀ lójoojúmọ́, ara mi le koko. Mi ò mọ ibi tí mo lè gbójú sí.

Fóònù tí o rà fún un ṣì ń dún nírọ̀lẹ́ pé àkókò oògùn tó. Èmi ni mo ń bẹ ẹni tó wà nínú rẹ̀ pé kó má bínú sí wa. Kò sú u títí di òní. Ó ń gbìyànjú jù ọ́ lọ.

Má fowó ránṣẹ́ sínú fóònù, mi ò mọ ibi tí wọ́n ti ń tú u jáde. Ìwọ gan-an ni kó o mú owó ọkọ̀ èèyàn méjì wá. Nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kan wà lọ́dọ̀ yín tí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n bí i mọ́ ti ń péjọ, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n ń lọ́kọ, wọ́n ń bí ọmọ tí kò ní i. Mú un lọ, kó fojú ara rẹ̀ rí wọn. Kò gba ẹnu tèmi gbọ́ mọ́.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó o fọwọ́ ara rẹ sin àbúrò rẹ. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fún ọ, kílẹ̀ tó ṣú. Má sọ Sátidé fún mi.

Èmi ìyá rẹ ni.