Apá Tí Kò Kan Etí

Bàbá mi, oníkẹ̀kẹ́ aláago,

Ọwọ́ ara mi ni mo fi ń kọ ìwé yìí. Ẹ má rò pé mo bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ ọ́. Bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba, èmi náà sì ti pè yín lónìí. Ní gbogbo Sátidé ni mo máa ń wọ takisí láti Roodepoort, níbi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ mi ní ilẹ̀ àjèjì yìí, lọ sí Berea. Inú gbọ̀ngàn kan níbẹ̀ ni ìjọ wa ti ń kọ́ àwa àgbà ní ìwé. Èmi ni mo dàgbà jù. Èmi náà ni mò ń pariwo jù bí tíṣà bá béèrè ìbéèrè.

Bàbá, mo ní ẹjọ́ láti rò. Mo ti tú àṣírí wa.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ gbé mi lọ forúkọ sílẹ̀ nílé ìwé? Mo wọ aṣọ tuntun, mo jókòó lórí ọ̀pá kẹ̀kẹ́ yín. Mò ń gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, mò ń fi kan etí òsì léraléra, torí ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá kan etí, wọn kò ní gbà á. Tèmi kan án dáadáa. Inú yín dùn débi pé ẹ yà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ yín ẹlẹ́mu, kó lè bá yín yọ̀. Igbá kan di mẹ́rin. Nígbà tí a tún gun kẹ̀kẹ́, ẹ ń kọrin, ẹ ń lu aago, ẹ ní kí n má fòyà, pé kẹ̀kẹ́ yín mọ̀nà ju ẹṣin lọ. Kẹ̀kẹ́ náà kò mọ ibi tí afárá wà.

Apá ọ̀tún mi kán. Kí ẹni tó to eegun náà tó tú igi lára rẹ̀, ilé ìwé ti kún. Lọ́dún kejì, ó kan àbúrò mi ọkùnrin, èmi kò sì lọ mọ́. Ẹ ní kí n sọ fún ìyá mi pé orí igi máńgòrò ni mo ti já bọ́. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkọ mi àti fún àwọn ọmọ mi. Gbogbo ọdún wọ̀nyí ni máńgòrò fi ru ẹ̀ṣẹ̀ ẹmu. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ẹ bá ti mu, ẹ máa ń ti kẹ̀kẹ́ wálé ni. Mo máa ń gbọ́ ẹsẹ̀ yín lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ṣé èmi lẹ ń rò bí ẹ ti ń tì í?

Mojí, ọmọ ọmọ mi, ti yege ìdánwò àṣekágbá ní yunifásítì ní Braamfontein. Ẹ gbé orí sókè níbi tí ẹ wà! Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, bí a ti dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, a sun ẹran nínú ọgbà láti fi bá a yọ̀. Braai ni wọ́n ń pè é níhìn-ín. Yìnyín tí a fi ń mú ohun mímu tutù tán. Mojí ti mu bíà mẹ́ta. Ó fa kẹ̀kẹ́ yọ, ó gbé Ìrètí, àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́fà, sórí ọ̀pá, pé àwọn ń lọ ra yìnyín ní òdì kejì títì ńlá. Ìrètí ń rẹ́rìn-ín.

Mo dúró sẹ́nu géètì. “Sọ̀ kalẹ̀.”

“Eish, Màmá! Kẹ̀kẹ́ lásán ni. Ṣé mọ́tò ni? Wọn kì í béèrè láísẹ́ǹsì.”

Ìwé òfin ojú títì tí tíṣà pín fún wa ṣì wà nínú báàgì mi. Mo yọ ọ́, mo kà á síta, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà: lábẹ́ òfin ilẹ̀ yìí, ọkọ̀ ni kẹ̀kẹ́, ẹni tí ọtí ń pa kò gbọdọ̀ gùn ún ní títì, ọlọ́pàá lè mú un, kóòtù sì lè ní kó sanwó ìtanràn tàbí kó ṣẹ̀wọ̀n.

Mojí pàtẹ́wọ́. “Màmá ti ń kàwé! Shap! Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá wo ló máa lé oníkẹ̀kẹ́ lọ́sàn-án Sunday?” Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà.

Òfin kò dá a dúró. Ohun kan ló kù lọ́wọ́ mi, tiyín sì ni. Mo ká apá aṣọ mi sókè.

“Kì í ṣe máńgòrò,” mo ní. “Bàbá mi ló mu ẹmu. Orí ọ̀pá bí èyí ni mo jókòó sí.”

Mojí wo apá mi, ó wo apá Ìrètí. Ó gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó ti kẹ̀kẹ́ padà sẹ́yìnkùlé, wọ́n gbé garawa, wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ.

Ẹ dárí jì mí, Bàbá. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Àwa méjèèjì la jọ ṣubú lọ́jọ́ yẹn, n kò sì bínú sí yín. Ẹ ti gba ọmọ kan là lọ́nà tí ẹ kò mọ̀.

Yìnyín ti yọ́ dé ìdajì kí wọ́n tó dé. Ìrètí ní kí n fi apá náà kan etí kí òun wò ó. Láti ọjọ́ afárá, n kò dán an wò rí. Mo gbé e gba orí kọjá, eegun dún díẹ̀.

Bàbá, ó kan án.

Èmi ni,
ọmọ yín tó jókòó síwájú yín lórí kẹ̀kẹ́, tó sì fẹ́ràn yín síbẹ̀.