Àna Tí Kò Ní Owó Ìfẹ̀yìntì

Àǹtí wa orí rédíò, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Ẹ ṣáà ní ìyá kan ní Òkè-Àfà ni.

Ọ̀rọ̀ ọkọ mi ti sú mi pátápátá. Iṣẹ́ ìjọba ni wọ́n ṣe fẹ̀yìntì. Ọmọbìnrin wa mú ọkọ wálé, ọmọlúàbí gidi, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Máfolúkù. Bàbá ní àwọn ò lè fọmọ fún ẹni tí kò ní owó ìfẹ̀yìntì. Wọ́n ní ṣọ́ọ̀bù lè kógbá sílé, ìjọba kì í kógbá sílé láéláé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìjọba ní kí àwọn tó ti fẹ̀yìntì wá fara hàn, káwọn lè mọ̀ pé wọ́n ṣì wà láàyè. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì náà wà, orúnkún Bàbá ò sì lè gun àtẹ̀gùn. Ọmọ tí wọ́n kọ̀ yìí ló pọ̀n wọ́n gòkè. Àǹtí, orí ẹ̀yìn ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n wà tí wọ́n ti ń bi í pé, "Tó o bá darúgbó, ta ni yóò tọ́jú ẹ?"

Ọmọ náà ṣáà ń gun àtẹ̀gùn lọ. Èmi ni inú ń bí! Owó tí wọ́n fi ń fọ́nnu yìí kì í tó ra oògùn orúnkún; ọṣẹ tí mò ń tà ló ń bọ́ wa.

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá sí i. Àǹtí, ẹ gbóhùn sókè dáadáa, torí Bàbá ti gbé rédíò sétí báyìí. Ọmọ tí wọ́n kọ̀ náà ló bá wọn tún rédíò náà ṣe.