Omi Ṣúgà Tí Mo Dà Sínú Oyin Ìyálé Mi

Èmi ni mo da omi ṣúgà sínú oyin ìyálé mi. Kì í ṣe Bàbá Olóyin, kì í ṣe ẹlòmíràn, èmi ni, ọwọ́ mi méjèèjì ni mo fi ṣe é, lọ́sàn-án gangan... Ẹ̀yin òǹkàwé ojú ewé yìí, ó pẹ́ tí mo ti ń ka lẹ́tà àwọn ẹlòmíràn níbí, mo máa ń bi ara mi pé irú ènìyàn wo ló ń kọ irú nǹkan báyìí sí ìwé ìròyìn, àṣé ọjọ́ tèmi ń bọ̀. Ẹ má bínú sí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, kíláàsì kẹta ni mo kà dé ní Mòwé kí bàbá mi tó ní ó tó. Ẹ má sì wá orúkọ mi, ẹ ò ní rí i.

Ìyàwó kejì ni mí nílé kan ní Ìfọ̀, kò jìnnà sí sítéṣọ̀n rélùwéè. Ìyálé mi ló ń ṣe ààdùn olóyin tí gbogbo èrò ọkọ̀ ojú irin mọ̀. Kì í ṣe ààdùn elépo o. Á yan àgbàdo títí á fi máa ta sánsán, á lọ̀ ọ́, á jọ̀ ọ́, á gún ẹ̀pà yíyan wẹ́wẹ́ sí i, iyọ̀ díẹ̀, ata ilẹ̀ gbígbẹ díẹ̀, á wá da oyin lé e, á pò ó nínú ọpọ́n, á tẹ́ ẹ sórí pákó, á fi ìgò yí i mọ́lẹ̀ títí á fi dọ́gba, á gé e tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka ọwọ́, á fi ewé wé e. Tí oyin bá ti wọ̀ ọ́, kò tún rí iná mọ́, oyin fúnra rẹ̀ ló ń dì í mú. Ẹnikẹ́ni tó bá dúró rà á ni yóò gbọ́ pé òun ò lo ṣúgà rí láyé òun. Gbogbo ìgbéraga rẹ̀ nìyẹn... Ẹ ó rí i pé "ó" ni mo ń pè é, n kò pè é ní "wọ́n". Lójú rẹ̀ mo máa ń kúnlẹ̀ kí i. Nínú lẹ́tà yìí, n ò kúnlẹ̀ fún un.

Kí ló ṣe fún mi? Ará Ìbàfò ni mí, etí odò ni wọ́n bí mi sí, ẹja ni ìyá mi ń yan tà. Ọ̀sẹ̀ tí mo wọlé ọkọ, mo lọ jókòó tì í kí n bá a wé ààdùn, àlejò kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó já ewé gbà lọ́wọ́ mi, ó ní, "Dìde níbẹ̀, ọwọ́ rẹ ń rùn fún ẹja, o ò ní bá mi ba oyin jẹ́." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọkọ wa náà rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ yẹn, Ọlọ́wọ́-ẹja ni orúkọ mi nínú ilé. Nígbà tí mo lóyún àkọ́bí mi, gbogbo oúnjẹ ni mò ń bì, ààdùn yẹn nìkan ló ń wù mí, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi ní èyí tó fọ́, kódà ẹ̀rúnrún. Ó kó ẹ̀rúnrún náà, ó dà á sílẹ̀ fún adìyẹ lójú mi. Fún adìyẹ! Ṣé ẹ̀yin ó gbàgbé? Ẹ sọ òótọ́, ṣé ẹ ó gbàgbé? Ọdún mẹ́rin ni mo fi gbé e mì, mò ń yọjú lójú fèrèsé, mò ń fi ojú kọ́ iṣẹ́ tí kò jẹ́ kí n fi ọwọ́ kọ́.

Ó wá lọ sí Abẹ́òkúta fún ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò rẹ̀. Àná ọjọ́ yẹn ni Bàbá Olóyin, tó ń ra oyin lọ́wọ́ wọn, gbé kèrègbè tuntun dé láti Ibogun. Àgbàlagbà ni wọ́n, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn wá, ìda oyin ni wọ́n fi máa ń dí ẹnu kèrègbè wọn. Ilé dá, ọkọ wa wà lójú irin níbi iṣẹ́. Mo yọ ìda náà, mo da oyin tó ju ìdajì lọ sí ṣáláńgá, mo sè ṣúgà títí ó fi pọ́n, ó tutù, mo dà á dípò, mo yọ́ ìda, mo fi dí i padà. Mò ń kọrin bí mo ṣe ń ṣe é... Kí ojú tì í lẹ́ẹ̀kan péré, ohun tí mo fẹ́ nìyẹn.

Ojú sì tì í. Ààdùn ọ̀hún le bí òkúta, eèrà bo gbogbo igbá rẹ̀ ní sítéṣọ̀n. Ìyàwó tíṣà kan gé e jẹ, ó tu ú dànù, ó ní, "Ìyá, ẹ̀yin náà ti ń fi ṣúgà tàn wá jẹ?" Àwọn olùtajà yòókù gbé e lé ahọ́n, wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Oníṣúgà. Ó gbé igbá kíkún wálé, ó jókòó tì í sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo jẹun yó lọ́jọ́ náà. N ò ní purọ́ fún yín, mo jẹ, mo tún bù sí i.

Ṣùgbọ́n kò fura sí mi rárá. Ṣebí ìda ṣì wà lẹ́nu kèrègbè nígbà tó ṣí i? Nígbà tí Bàbá Olóyin tún dé, kò kí wọn, ó ta kèrègbè wọn nípàá, oyin gidi ṣàn lọ nínú iyẹ̀pẹ̀, ó ń pariwo, "Olè! Àgbàlagbà ọ̀dàlẹ̀!" Bàbá ní, "Ìwọ obìnrin yìí, fọwọ́ kan èyí tó kù kí o tọ́ ọ wò, Ọlọ́run ń wò mí." Kò tọ́ ọ wò. Ọ̀rọ̀ dé ọjà, ó dé Ibogun. Àwọn tó ń ra oyin ìsọmọlórúkọ lọ́wọ́ wọn yà kúrò. Àwọn tó fẹ́ fẹ́ àbíkẹ́yìn ọmọbìnrin Bàbá ránṣẹ́ pé àwọn ò fẹ́ ìyàwó nílé ẹni tó ń bu èké sí oyin. Lọ́jọ́ tó ta oyin wọn nù yẹn, mo bu omi fún wọn mu lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ nìkan ló rí mi bí ènìyàn nínú ilé yìí." Ẹ gbọ́ o. Èmi!

Èyí tó wá burú jù ni pé èmi ni ìyálé mi ń pè báyìí. Kò fọkàn tán olóyin kankan mọ́, ó ní kí n bá òun wá oyin lọ́dọ̀ àwọn ènìyàn ìyá mi ní Mòwé, èmi ni mò ń pò ó, èmi ni mò ń gé e. Ó ṣì ń bú mi bó ṣe ń bú mi tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ọpọ́n ti dé ọwọ́ mi. Ohun tí mo ń fẹ́ ni mo rí gbà, ẹ̀mí mi ò sì balẹ̀.

Àwọn àgbà ilé wa àti ti Bàbá ti jọ sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn Iléyá, Bàbá yóò wá fi Kùránì búra níwájú ààfáà. Wọ́n bi Bàbá bóyá wọ́n ní ẹlẹ́rìí, èmi ni Bàbá dárúkọ. Nítorí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé kèrègbè yẹn wá, wọ́n ṣí i, kí wọ́n tó tún dí i, wọ́n kán oyin náà sí mi ní àtẹ́lẹwọ́, mo lá a, mo ní, "Bàbá, oyin gidi ni." Òótọ́ sì ni. Tí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ níwájú ààfáà, wọn ó bi mí pé ta ló wá bà á jẹ́, ta ló wà nílé? Èmi nìkan ni! Ọkọ wa yóò lé mi, àwọn ọmọ mi méjèèjì yóò kù sọ́wọ́ obìnrin yẹn. Tí mo bá sì ní n ò tọ́ ọ wò, ó parí fún Bàbá àti fún ọmọbìnrin wọn.

Ẹ má sọ pé kí n lọ bẹ ìyálé mi, n ò ní bẹ̀ ẹ́, mo ṣì kórìíra rẹ̀ bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Ọ̀rọ̀ Bàbá ni kí ẹ gbà mí nímọ̀ràn lé lórí. Iléyá ti kù sí dẹ̀dẹ̀... wọn ó jókòó, Bàbá yóò yíjú sí mi, wọn ó máa dúró de ẹnu mi. Kí ni kí n sọ?